Igi Kọ́ Ni Ó Gba Ẹsẹ̀ Náà

Nígbà tí mángòrò bá pọ́n, kò sí abúlé ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọmọdé kì í gun igi. Àwọn adẹ́mu àti àwọn tí ń kọ ẹyìn ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ọkọ̀ ń sáré lójú títì, alùpùpù sì ń gbé ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọjá lórí ọ̀nà tí òjò ti gbẹ́. Nínú gbogbo èyí ènìyàn ń ṣubú, egungun ẹsẹ̀ sì ń dá. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù bàbá àti ìyá ronú lé lórí: nínú àwọn tí ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn lónìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe díẹ̀ ni àwọn tí ìṣubú wọn kò tó ohun tí í gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìṣubú ni ó gbà á.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ẹ̀ka mángòrò ṣẹ́ mọ́ lẹ́sẹ̀. Egungun ojúgun rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n awọ ara kò bẹ́. Baba rẹ̀ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń to egungun ní abúlé kejì. Bàbá àgbà náà fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, ó fà á, ó tò ó, ó fi ẹní kékeré tí a fi ọparun àti okùn hun wé e, ó sì fi ọ̀já aṣọ dì í pinpin, nítorí ó gbàgbọ́ pé bí ìdè bá ti le tó ni egungun yóò ti tètè so tó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọmọ náà ń ké. Wọ́n ní ọkùnrin a máa fara da ìrora. Ní ọjọ́ kejì ó ń ké ju ti àná lọ. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n sì tutù. Wọ́n ní oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó dákẹ́, gbogbo ilé sì dúpẹ́ pé ìrora ti lọ. Wọn kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ni ó ti kú, tí kò fi mọ ìrora mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ ti dúdú bí èédú láti ìka títí dé agbede-méjì ojúgun. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì sọ ohun kan ṣoṣo tí ó kù láti sọ, pé a ní láti gé e kí ọmọ náà má bàa kú.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe àlọ́. Àwọn dókítà egungun ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, wọ́n sì ń bá a pàdé síbẹ̀. Bí a bá béèrè ní abúlé ohun tí ó gba ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹnì kan á ní igi mángòrò ni, ẹnì kejì á ní dókítà ni, ẹnì kẹta á ní ayé ni. Igi kọ́ ni ó gba ẹsẹ̀ náà. Dókítà kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ayé. Ìdè ni.

Bí ìdè ti ń pa ẹsẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ ẹran ara. Iṣan kan ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkàn wá sí ẹsẹ̀, iṣan mìíràn ń gbé e padà. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹran ara wà nínú àpò mẹ́rin, ohun tí ó sì bo àpò wọ̀nyí le bí awọ ìlù, kì í fẹ̀. Nígbà tí egungun bá dá, ẹ̀jẹ̀ a máa dà sínú ẹran, ẹsẹ̀ a sì wú. Ìwú náà kì í parí ní wákàtí tí ènìyàn ṣubú. Ó ń pọ̀ sí i fún ọjọ́ kan, méjì, mẹ́ta. Nítorí náà ìdè tí ó bá ẹsẹ̀ mu rẹ́gí ní ọ̀sán ti di ìdè ikú ní òru. Aṣọ kò fẹ̀, ọparun kò fẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń wú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó padà kò rí ọ̀nà padà. Ìwú a tún pọ̀ sí i. Níkẹyìn, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Bí ẹran ara bá wà báyìí ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ikú tí kò ní àjíǹde. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tí a dè ní ìrọ̀lẹ́ lè pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í kú láìkéde. Ìka ẹsẹ̀ ni akéde rẹ̀, nítorí náà ni ó fi jẹ́ èèwọ̀ láti di ìka mọ́ inú aṣọ. Àmì kìíní ni ìrora tí ń pọ̀ sí i dípò kí ó dínkù, tí oògùn ìrora kò sì ràn. Bí a bá fi ọwọ́ na ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà sókè díẹ̀ tí ó sì ké tòò, kí a mọ̀ pé ewu ti dé. Àmì kejì ni pé ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣìnkìnṣìnkìn, tàbí ó kú tipiri, tí ọmọ kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta, kò lè gbé ìka náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ìka tutù ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí a bá tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ títí tí abẹ́ rẹ̀ yóò fi funfun, tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbọdọ̀ padà síbẹ̀ kí a tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí kò bá padà, kí a má ṣe jókòó. Síbẹ̀síbẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ padà sí èékánná, tí ìrora ń pọ̀ sí i, ìrora ni kí a gbà gbọ́, nítorí pé ẹran inú lè máa kú nígbà tí ìka ṣì ń pọ́n. Igbe ọmọ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ tí egungun rẹ̀ dá pé kí ó dákẹ́ bí akin, ó ti pa akéde lẹ́nu mọ́.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀bi àwọn baba wa nìkan ni èyí. Ní ọdún 1852, Antonius Mathijsen, dókítà ọmọ ogun kan ní Netherlands, kọ̀wé nípa ìdè aṣọ tí a fi ẹfun pa, tí ń le bí símẹ́ńtì bí ó bá gbẹ. Títí di òní olónìí ni ilé ìwòsàn ń lo irú rẹ̀. Ìdè yìí pẹ̀lú ti pa ẹsẹ̀ àti ọwọ́ púpọ̀. Ní ọdún 1881, Richard von Volkmann, dókítà iṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, sọ ọ́ kedere pé ìdè tí ó le jù ni ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí ẹran ara fi ń kú, tí ọwọ́ sì ń ká jọ bí èékánná àṣá. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ àwọn dókítà pé kí wọ́n la ìdè ẹfun bí ẹsẹ̀ tuntun bá ń wú, kí wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ dé awọ ara bí ìrora bá ń pọ̀ sí i. Bí ìyẹn kò bá tó, wọn a fi abẹ la àpò ẹran náà kí ó lè rí àyè mí. Ọgbọ́n tí àwọn òyìnbó fi ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wọn rà, kò yẹ kí a tún fi ti àwọn ọmọ wa rà á ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Àwọn kan wà, tí wọ́n kàwé, tí ń sọ pé kí ìjọba kó gbogbo àwọn tí ń to egungun sí àtìmọ́lé. Ọ̀rọ̀ òpè ni. Ẹni tí ń to egungun wà nítòsí, ilé ìwòsàn jìnnà. A máa gba owó díẹ̀díẹ̀; a máa gba ewúrẹ́ tàbí iṣu nígbà tí kò bá sí owó. A máa sọ èdè tí aláìsàn ń sọ, a sì máa jẹ́ kí ìyá ọmọ sùn ti ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ egungun tí ó dá láìsí ọgbẹ́, pàápàá ti ọmọdé, ni ó ti jinná dáradára lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ọgbọ́n sì wà nínú iṣẹ́ náà: wọ́n mọ̀ pé egungun tí ó dá ń fẹ́ ìsinmi, wọ́n mọ̀ pé ó ń fẹ́ ìdè, wọ́n sì ní sùúrù tí ọ̀pọ̀ dókítà kò ní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn wọn yóò sọ òtítọ́ fún wọn. Ní ibi púpọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú ènìyàn, wọn a ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọn a sì dì í bí wọ́n ti di ti ènìyàn náà. Ní ọjọ́ tí adìẹ bá tẹ ilẹ̀ rìn, wọn a ní ti ènìyàn ti jinná. Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ a máa jinná ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojúgun àgbàlagbà ènìyàn a máa gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ adìẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lè tún un ṣẹ́. Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni pé adìẹ kò lè sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sí nínú ẹsẹ̀ ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ọmọ náà ni ó lè sọ ọ́, ìka rẹ̀ sì ń sọ ọ́. Kí a kúrò lẹ́yìn adìẹ, kí a wo ìka ọmọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀, èyí ni gbẹ́rẹ́ sínsín lórí egungun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àti fífi ewé, eérú tàbí ilẹ̀ sí ojú ọgbẹ́. Egungun tí awọ bò mọ́lẹ̀ wà ní ààbò. Nígbà tí a bá sín gbẹ́rẹ́, a ti ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn. Nípa irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ń wọlé, àrùn tí ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dì pa, tí gbogbo ara sì ń gan. Àrùn yìí ń pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí a fi ń dènà rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Nísisìnyí, kí ni ó fà á tí baba ọmọ náà kò fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kìíní? Ó bẹ̀rù pé wọ́n ó gé e. Ẹ̀rù yìí ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Nítorí ìbẹ̀rù gígé, àwọn ènìyàn ń sá fún ilé ìwòsàn. Nítorí wọ́n sá, ẹsẹ̀ ń kú sínú ìdè. Nítorí ó ti kú, ilé ìwòsàn ń gé e. Nítorí ilé ìwòsàn gé e, àwọn ará àdúgbò tún bẹ̀rù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí po bí kẹ̀kẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ẹni tí ó fẹ́ já okùn náà, kí ó mọ èyí dájú: egungun tí ó dá nìkan kì í sábà jẹ́ kí dókítà gé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó ti kú ni wọ́n ń gé jù. Ẹni tí ó bá tètè dé ni ó sábà ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì padà sílé.

Ilé ìwòsàn pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bí a bá gbé ènìyàn tí egungun rẹ̀ dá dé, tí a fi í sórí pátákó títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí pé àwọn ará rẹ̀ kò tíì kó owó wá, a ti kọ́ àwọn ará rẹ̀ ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà nígbà mìíràn. Bí dókítà bá fi ìdílé tí ó kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ẹlòmíràn tí ó gbọ́ kò ní wá rárá títí ẹsẹ̀ yóò fi jẹrà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó yẹ kí a ṣàlàyé fún baba ọmọ ohun tí a fẹ́ ṣe, iye ọjọ́ tí yóò gbà, àti iye owó tí yóò jẹ́, kí ó má bàa rò pé abẹ nìkan ni ó wà lọ́wọ́ dókítà.

Àpẹẹrẹ kan wà láti ilẹ̀ mìíràn tí ó yẹ kí ìjọba àti àwọn tí ń to egungun kíyèsí. Ní erékùṣù Anglesey, ní Wales, ìdílé kan wà tí títo egungun jẹ́ iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran. Ọ̀kan nínú wọn, Evan Thomas, lọ ṣe iṣẹ́ náà ní Liverpool. Kò kàwé dókítà, ó sì rí ìjà àwọn dókítà. Kò fi ìjà náà ṣe ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rán ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ọ̀kan nínú wọn ni Hugh Owen Thomas, tí a bí ní 1834, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí dókítà ní 1857, tí ó sì kú ní 1891. Ó da ọgbọ́n ilé baba rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọgbọ́n ilé ẹ̀kọ́. Ìsinmi ni ó ń wàásù fún egungun àti oríkèé, ó sì ṣe irin kan tí ń mú ẹsẹ̀ dúró gbọn-in láìfún un pa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láàrin 1914 àti 1918, Robert Jones, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mú irin náà dé ojú ogun, ó sì dín ikú àwọn ọmọ ogun tí egungun itan wọn dá kù gidigidi. Títí di òní, orúkọ Thomas ni a fi ń pe irin náà. Bí ọmọ ẹni tí ń to egungun ní Anglesey bá lè ṣe èyí, kí ni ó dí ọmọ ẹni tí ń to egungun ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́? Àwa náà kò ṣàìní ibi ẹ̀kọ́. Ní Ìgbóbì, ní Èkó, ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì di ilé ìwòsàn egungun ní ọdún 1945, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀, òfin díẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ sórí.

Èkíní: bí egungun bá yọ síta, tàbí tí ọgbẹ́ wà ní ojú ibi tí ó dá, ilé ìwòsàn ni, ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí a má ṣe ti egungun padà sínú, kí a má sì fi ohunkóhun sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kí a fi ọwọ́ tẹ aṣọ náà mọ́ ọn títí yóò fi dá.

Èkejì: kí a tó gbé ẹni tí ó ṣubú, kí a mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kí a fi pátákó méjì tí a fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí a so ó pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kejì tí ó yè, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ láàrin wọn. Ìdè náà gbọdọ̀ dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ọwọ́ yóò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí a má ṣe gbé e sẹ́yìn alùpùpù kí ẹsẹ̀ máa fì dirodiro. Kí a tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta: ní àwọn ọjọ́ kìíní, kí a má ṣe fi omi gbígbóná jó o, kí a má sì wọ́ ọ. Ohun méjèèjì ń mú kí ìwú pọ̀ sí i. Kí a gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí ó sì sinmi.

Ẹ̀kẹrin: ẹnikẹ́ni tí ó di ẹsẹ̀, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe bàbá àgbà, kí a máa wo ìka rẹ̀ ní wákàtí wákàtí ní ọjọ́ kìíní àti òru rẹ̀, àti nígbà gbogbo ní ọjọ́ kejì àti ẹ̀kẹta. Bí àwọn àmì tí a ti kà sókè bá hàn, kí a tú ìdè ọparun àti aṣọ pátápátá lójú ẹsẹ̀, kí a má ṣe dúró de ẹni tí ó dì í. Kí a gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ó wà ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kí a sì máa lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe òru. Egungun tí ó wọ́ díẹ̀ ní àtúnṣe. Ẹran ara tí ó kú kò ní.

Ẹ̀karùn-ún: kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ń ro ni egungun rẹ̀ dá. Ọmọ tí ibà mú, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí a fọwọ́ kan ìbàdí tàbí orúnkún rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọyún ń gbárajọ sínú oríkèé tàbí sínú egungun rẹ̀. Ọyún a máa ba oríkèé ìbàdí jẹ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Fífà àti wíwọ́ kò ní ṣe é ní oore kankan. Abẹ àti oògùn ni ó ń fẹ́. Bákan náà, ọmọ tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde lè bẹ̀rẹ̀ sí í tiro láìṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé orí egungun itan rẹ̀ dáadáa, tí egungun náà fi ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí a bá tètè mọ̀, a lè dín ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá ń fa irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá kún un ni.

Ẹ̀kẹfà: ìyá arúgbó tí ó yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì dojú kọ ìta, ọrùn egungun itan rẹ̀ ni ó sábà ń dá. Kí a má ṣe wí pé ogbó ni, kí a sì tẹ́ ẹ sínú yàrá. Ìdùbúlẹ̀ gan-an ni ó ń pa irú ìyá bẹ́ẹ̀: egbò a yọ sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀, àyà rẹ̀ a kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dì nínú iṣan. Bí a bá tètè gbé e lọ, dókítà lè fi irin so egungun náà tàbí kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí ìyá sì tún jókòó, kí ó tún dìde. Àwọn ọmọ tí ń kó owó jọ de ìsìnkú ìyá wọn, ó sàn kí wọ́n ná díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìdìde rẹ̀.

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí baálẹ̀ pe àwọn tí ń to egungun ní agbègbè rẹ̀ jọ ní ọjọ́ kan nínú ọdún, kí nọ́ọ̀sì àgbègbè náà sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun mẹ́ta péré: egungun tí ó ní ọgbẹ́ yóò lọ sí ilé ìwòsàn, ìka ẹsẹ̀ yóò máa wà lóde, ìdè tí ń mú ọmọ ké ní òru yóò di títú ní òru. Ohun mẹ́ta yìí kò ní gba owó lọ́wọ́ ìjọba, kò sì ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbà yóò máa to egungun rẹ̀, dókítà yóò máa ṣe tirẹ̀.

Mángòrò yóò tún pọ́n lọ́dún tí ń bọ̀, àwọn ọmọ yóò sì tún gun igi. Kò sí òfin tí ó lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ṣubú ní ọjọ́ náà, bí ó bá ké ní òru lórí ẹní rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má ṣe sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Kí ó tan àtùpà, kí ó fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.